Ẹ Gba Iyọ̀ Lọ́wọ́ Ọmọ: Bí A Ṣe Lè Mú Ọmọdé Mọ Ọ̀pọ̀lọ́ àti Ìgbé Ayé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òbí

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn.

Iyọ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé nílẹ̀ wa mọ eré tí mo fẹ́ sọ yìí. Òjò á ti dá, ilẹ̀ á ti ń ṣú, ọ̀pọ̀lọ́ á yọ jáde lábẹ́ àmù tàbí létí gọ́tà. Ọmọ kan á pariwo pe àwọn tó kù, òmíràn á ti sáré wọ ilé ìdáná, á bu iyọ̀ wá lẹ́kúnwọ́. Wọ́n á da iyọ̀ náà sí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn, wọ́n á sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń japoró. Àwa àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò wọ́n. Bí a bá tilẹ̀ máa bá wọn wí, ohun tí a máa ń sọ ni pé kí wọ́n má fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́kọ́ ń kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá tomi-tilẹ̀ nìyẹn. Kí olùkọ́ tó ya àwòrán kankan sójú pátákó, ọmọ ti mọ ọ̀pọ̀lọ́ ní tirẹ̀: ohun ìríra ni, ohun ẹ̀rù ni, ohun tí ènìyàn lè pa láìjẹ̀bi ẹnikẹ́ni ni. Ìwé tí a ń kà fún un lẹ́yìn náà kì í mú ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Á há a sórí pé ẹyin ni í di légbénlègbé, légbénlègbé ni í di ọ̀pọ̀lọ́, á yege ìdánwò, á sì padà sílé lọ bu iyọ̀.

Èrò mi ni pé ara awọ ọ̀pọ̀lọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tí awọ yẹn ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá iyọ̀ padà sínú agolo.

Ẹ jẹ́ ká wo awọ náà dáadáa. Awọ tiwa kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í sì í jẹ́ kí omi inú ara wa jáde lọ bó ṣe wù ú. Ènìyàn lè wà nínú odò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí kò bá fi ẹnu mu omi, òùngbẹ á ṣì máa gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi ní tirẹ̀. Orí ilẹ̀ tútù ló máa ń jókòó sí. Awọ abẹ́ ikùn rẹ̀ àti ti abẹ́ itan rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ ara rẹ̀. Ìdí tí ẹ fi ń bá a lábẹ́ àmù nìyẹn, nídìí ẹ̀rọ omi, àti níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Omi ló wá mu.

Awọ yìí kan náà ló tún fi ń mí. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń lò ó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tún ń gba ara awọ tútù yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà, àwọn sàlàmáńdà onírù tó dà bí alángbá, tí wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dàgbà, wọn kì í ní ẹ̀dọ̀fóró rárá. Awọ ara àti inú ẹnu wọn ni wọ́n fi ń mí títí tí wọ́n á fi kú. Nítorí náà awọ tó bá gbẹ, ewu ńlá ni fún wọn. Òùngbẹ ni, èémí sì tún ni.

Ẹ wá ro ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Ẹ lè fi han ọmọ ní kíláàsì láìpa ohunkóhun lára. Ẹ gé kùkúńbà sí wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n iyọ̀ sí apá kan, ẹ fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àkókò iṣẹ́ yẹn tó parí, èyí tí ẹ wọ́n iyọ̀ sí á ti rọ̀, omi á sì ti yí i ká nínú àwo. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ibo ni omi yẹn ti wá. Tí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ọ̀pọ̀lọ́, tí òun alára sì tún ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Òùngbẹ àti májèlé ló ń pa á pọ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà méje tí wọ́n dákẹ́ lọ gbári nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé wọn. A kò nà wọ́n, a kò dẹ́rù bà wọ́n. Ó kàn yé wọn ni.

Awọ yẹn tún ní iṣẹ́ kẹta. Lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ ó rí ìwúlé gígùn kọ̀ọ̀kan. Oró ló wà níbẹ̀, omi funfun tó máa ń sun jáde bí nǹkan bá bu ọ̀pọ̀lọ́ jẹ. Ajá tó bá gbé e sẹ́nu rí mọ̀ ọ́n: á tu ú dànù kíá, itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀pọ̀lọ́ ń yan káńdú-kàǹdù lójú ẹlẹ́gùúsí, ẹlẹ́gùúsí ò gbọdọ̀ yí i láta. Bó ṣe rí gan-an ni. Àkèré tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí awọ rẹ̀ ń dán, ó ní láti fò sá lọ bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ́kẹ̀ lé awọ rẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í kánjú.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi mí tẹ̀lé èyí ni pé ṣé oró náà kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan. Tí ọmọ bá fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó má sì fi ọwọ́ náà ra ojú tàbí kí ó kì í bọ ẹnu kí ó tó fọ̀ ọ́. Ó tán. Ti pé kókó á yọ lára ọmọ tí ọ̀pọ̀lọ́ bá tọ̀ sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn tí ń ràn láti ara ènìyàn kan sí ara ẹlòmíràn ló ń fa irú kókó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́ kò sí níbẹ̀. Omi tí ẹ sì rí tó tú jáde nígbà tí ọmọ gbé e sókè, omi tó ti fi pa mọ́ sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ de ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ ni. Ẹ̀rù ló bà á tó fi tú u dànù. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kì í tún fẹ́ gbé e sókè láìnídìí mọ́. Ìtìjú á mú un díẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í sọ síta. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá wọlé lálẹ́, àwọn kan nínú wa gbà pé ọ̀tá ló rán an. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà nípa ohun tó gbàgbọ́. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wo òrùlé àti ìdí iná lálẹ́ ọjọ́ náà. Iná ló pe kòkòrò wọlé, kòkòrò ló pe ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fi ìgbálẹ̀ darí rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, yóò bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń wò yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé kankan kò lè kọ́ ọ.

Tí ẹ bá ní iná lójúde, ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ gbé ọmọ lé itan, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ní kí ọmọ tẹjú mọ́ orí ọ̀pọ̀lọ́. Kì í jẹ ohun tí kò bá mira. Òkú ikán lè wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ikán abìyẹ́ kan rápálá kọjá. Á yí orí sí i, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn jù á gbọ̀n nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ikán á sì pòórá. Ahọ́n ló nà jáde, ṣùgbọ́n ojú wa kì í bá a. Iwájú ẹnu ni ìdí ahọ́n rẹ̀ so mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn bíi tiwa, nítorí náà ẹ̀yìn ahọ́n náà ló ń fò síta. Èyí tó máa ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín jù lọ ni bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Á di ojú méjèèjì pinpin, ẹyinjú á wọ inú orí lọ. Kì í ṣe pé oúnjẹ ń dùn mọ́ ọn. Ẹyinjú yẹn gan-an ló fi ń ti oúnjẹ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan á fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kejì, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á pe àbúrò rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ìbéèrè tí ẹ̀yin náà ní láti lọ wádìí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ légbénlègbé. Ẹ̀yin olùkọ́, oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí àwọn òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀, ni àkókò tiyín. Ẹ ó gbọ́ kọ̀ǹkọ̀ nínú àbàtà lóru. Àwọn akọ ló ń dún, awọ ọ̀fun wọn ló ń wú jáde tó ń gbé ohùn lọ jìnnà, irú kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀ tí abo rẹ̀ fi ń dá a mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ wo ibi tí omi òjò dá rogún sí. Àgbà ni kó lọ, kì í ṣe ọmọ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ rìn wọ inú adágún omi nítorí ẹ̀kọ́, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àìsàn tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ máa ń tò tẹ̀ léra bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́ sínú okùn tó mọ́ gaara, ìyá kan sì lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba tí yóò di légbénlègbé mẹ́wàá ti tó fún báàfù kan.

Omi òjò tàbí omi kànga ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi chlorine sí, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo báàfù kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Légbénlègbé ọ̀pọ̀lọ́ kì í jẹ kòkòrò bíi ti ìyá rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta inú omi ló ń họ jẹ. Ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀, tí ẹ já wẹ́wẹ́, yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó má pọ̀ kí omi má baà rùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì méjì, ẹ bu díẹ̀ nínú omi náà dànù, ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ya ohun tó bá rí lójoojúmọ́. Ẹ má sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ, ẹsẹ̀ iwájú á sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn nípa ìrù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló máa ń rò pé ìrù á já bọ́, wọ́n á tilẹ̀ máa wá a nísàlẹ̀ báàfù. Ìrù kì í já. Ara rẹ̀ ló ń fà á padà jẹ, nítorí pé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò lè jẹ oúnjẹ mìíràn: ẹnu tó fi ń họ òkúta ń di ẹnu tí yóò fi máa gbé kòkòrò, ìfun gígùn tó fi ń jẹ ewé ń kúrú, ẹ̀yà ara tó fi ń mí lábẹ́ omi bíi ti ẹja ń parẹ́, ẹ̀dọ̀fóró sì ń gba iṣẹ́. Mi ò mọ ìyípadà mìíràn tí ọmọ lè fi ojú lásán wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú báàfù kan tó tó èyí. Ẹ rántí gbé òkúta sínú omi náà kí orí rẹ̀ yọ síta. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀dọ̀fóró mí lè rì sínú omi tó ti ń gbé látẹ̀yìn wá. Tí ìrù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ kó wọn padà síbi tí ẹ ti kó wọn gan-an.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ gbé ọmọ kọjá ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé, ayé wọn gbòòrò. Irú ẹ̀dá tomi-tilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 8,000. Nínú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré. Àwọn sàlàmáńdà, tí wọ́n ní ìrù tí wọ́n sì dà bí alángbá lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kò sí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Àwọn ẹ̀ka kẹta kò lẹ́sẹ̀ rárá, inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, àgbẹ̀ tó bá wú wọn jáde á pè wọ́n ní ekòló ńlá tàbí ejò. Irú wọn kan wà ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà tí ìyá fi awọ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ. Awọ ìyá á nípọn, á kún fún ọ̀rá, àwọn ọmọ á sì máa fi eyín wẹ́wẹ́ họ ọ́ jẹ, òmíràn á tún hù.

Ẹ sọ ìtàn àwọn òbí wọ̀nyí fún ọmọ, yóò jókòó tì yín. Àkèré kan wà nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń po ìfófòó sórí ẹ̀ka igi tó wà lókè omi, inú ìfófòó yẹn ló ń yé sí kí ẹyin má baà gbẹ. Àwọn légbénlègbé á já bọ́ sínú omi nígbà tí àkókò wọn bá tó. Àkèré tó tóbi jù láyé, ní Kamẹrúùnù àti Equatorial Guinea ló wà, ó lè wọ̀n ju kílò 3 lọ, àwọn onímọ̀ sì gbé e jáde ní 2019 pé ó ń ti òkúta kúrò lójú odò láti fi ṣe adágún kékeré fún ọmọ rẹ̀. Lórí òkè Nimba, níbi tí Gíní àti Côte d'Ivoire ti pààlà, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí kì í yé ẹyin. Oṣù 9 ló fi ń lóyún, ó sì ń bí ọmọ tó ti di ọ̀pọ̀lọ́ pátápátá. Ẹ wo ojú ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé oṣù tí ìyá rẹ̀ fi lóyún òun náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù lọ kò jìnnà sí wa. Ìdànrè ló wà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè náà mọ àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600, ẹ mọ àpáta dúdú gbàǹgbà tí òjò máa ń ṣàn lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀ ọ́n níbòmíràn láyé. Arne Schiøtz, onímọ̀ ará Denmark, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Jean-Luc Perret, onímọ̀ ará Switzerland tó ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù, sọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó lé ní 40 ọdún. Ní 2013 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Èkó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Jámánì tún rí i lórí àpáta rẹ̀, láàyè.

Ẹ wo ibi tí légbénlègbé rẹ̀ ń gbé. Kì í gbé inú odò, kì í gbé inú kòtò omi. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ro lára àpáta, tó fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kò ní bo ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Bí a bá ṣán igbó orí òkè tàbí tí a tiná bọ̀ ọ́, omi yẹn á gbẹ kíákíá. Àwọn ọmọ iléèwé wa ń lọ wo Ìdànrè lọ́dọọdún. A ń fi ààfin àtijọ́ hàn wọ́n, a ń sọ ìtàn bí àwọn ará ìlú ṣe sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó dára. Èwo nínú wa ló ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo omi tó ń ro lára àpáta? Ogún tiwa nìyẹn. Ó yẹ kí ọmọ Oǹdó mọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kó tó mọ kìnnìún inú ìwé.

Awọ yẹn náà ló tún kó wọn sí wàhálà lóde òní. Ohun tí a bá fọ́n sí oko, oògùn apakoríko àti oògùn kòkòrò, tí òjò bá wọ́ ọ dé àbàtà, ara awọ ni yóò gbà wọlé sí wọn lára. Nínú ẹ̀dá tomi-tilẹ̀ 100, bí 41 ló wà nínú ewu àkúrun, wọ́n sì wà nínú ewu ju ẹyẹ àti ẹran afọ́mọlọ́mú lọ. Àrùn kan tún wà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ń fà, awọ ni í bá jà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 sọ pé àrùn náà ti dín irú 501 kù, ó kéré tán, a sì gbà pé 90 nínú wọn ti run tán. Ohun tó ń ṣe wọ́n rèé: awọ tó bàjẹ́ kò lè di iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mú mọ́, iyọ̀ náà á dínkù, ọkàn á sì dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ti rí àrùn yìí ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá a káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013, wọn kò rí i láwọn igbó tó wà ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn ilẹ̀ ọ̀dàn Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ó ṣe pàtàkì kí a má ṣe máa kó ọ̀pọ̀lọ́ tàbí légbénlègbé láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, kódà nítorí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè, màá kọ méjì sílẹ̀ nínú wọn.

Bàbá kan ní ṣé kí a wá máa kọ̀ fún ọmọ láti jẹ kọ̀ǹkọ̀ ni, nítorí pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ìlú wọn. Mo ní rárá, Bàbá. Ẹran ni, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, ẹ sì ń rí i ní yíyan lọ́jà. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni iye tí a ń kó, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ń pamọ. Tí a bá kó àwọn abo tó lóyún ẹyin kúrò nínú àbàtà lálẹ́ òjò àkọ́rọ̀, a ti kó ti ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ kọ̀ǹkọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa, nítorí oró tí mo ti sọ.

Ìyá àgbà kan ní àwọn ọmọ-ọmọ òun wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù àti ní Atlanta, ṣé wọ́n lè rí nǹkan wọ̀nyí níbẹ̀. Wọ́n á rí i dáadáa, Mà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù bá ń dínkù ní oṣù kejì sí oṣù kẹta, ẹyin àkèré máa ń kún adágún inú ọgbà. Kí wọ́n lọ wò ó níbẹ̀, kí wọ́n má gbé e láti adágún kan sí òmíràn, nítorí àrùn. Àwọn ti Atlanta ní ohun tí àwa kò ní, nítorí àwọn òkè apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Appalachia, wà lára ibi tí irú sàlàmáńdà pọ̀ sí jù láyé, ẹsẹ̀ àwọn òkè náà sì dé àríwá Georgia. Kí àwọn òbí mú wọn lọ sínú igbó níbi tí ilẹ̀ ti tutù, kí wọ́n rọra gbé igi tó ti wó sílẹ̀ sókè, kí wọ́n fi omi pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí wọ́n bá rí, ìpara tàbí oògùn ẹ̀fọn kò sì gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ náà. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, kí wọ́n dá igi yẹn padà bí wọ́n ṣe bá a.